Jíwèé-wò Nínú Yàrá Ara Ẹni

Láti Ọjà'ba dé Màpó, láti Màpó dé Bẹẹrẹ, títí a ó fi yà wọ Bẹyẹrúnká, ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni àwọn àgbà fi ń kan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó ti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà nínú ilé. Wọn a ní, "Ẹ̀kọ́ wo ni ènìyàn ń kọ́ nínú yàrá? Ta ni olùkọ́ rẹ̀? Ìwé ẹ̀rí wo ni yóò gbà níbẹ̀?" Bí ọmọ náà bá dáhùn pé òun ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní kóódìǹgì, wọn a yínmú, wọn a sì ní kí ó dìde lọ pọnmi.

Èmi tí ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni mo fi jẹun láti ìgbà èwe mi. Bí ó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ ni kí a gbè, ó yẹ kí n gbè lẹ́yìn àwọn tí ń sọ pé láìsí kíláàsì, láìsí pátákó àti ẹfun, ẹ̀kọ́ kò sí. N kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n, ìwọ ọmọ tí ń ka ìwé yìí, má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìjà méjì ni mo gbé wá. Ti àwọn àgbà ni n ó kọ́kọ́ jà. Tìrẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, tìrẹ ni ó sì le jù.

Ẹni tí ó bá sọ pé ènìyàn kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ gidi nínú ilé ti gbàgbé ìtàn ìlú tí ó ń gbé. Láti 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí ìlẹ̀kùn ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò tẹ ẹsẹ̀ wọ ọgbà rẹ̀ rí. Níhìn-ín ní Ìbàdàn ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà tí ó fi ka ìwé fún oyè yunifásítì yẹn. Kì í ṣe ọmọ tí a fi owó tọ́ dàgbà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1920. Ó dé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley ní Elékùró, tí kò jìnnà sí Màpó, ní 1927. Lẹ́yìn náà ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣòwò kòkó, ó fi ọkọ̀ kó ẹrù, òwò sì ti dẹnu kọlẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ó ti gbéyàwó, ó ti ń tọ́mọ, síbẹ̀ ó ń jókòó ti ìwé. Ní 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì kò tíì parí, ó gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó ṣe ìdánwò náà. Bí ó bá jẹ́ pé jíjókòó nínú yàrá kàwé ni àwọn àgbà wa fẹ́ fi bú ọmọ, kí wọ́n kọ́kọ́ bú Awólọ́wọ̀.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Àìmọye tíṣà ní ilẹ̀ yìí ni ó fi ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lé ìwé ẹ̀rí. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ẹ̀kọ́ wọn wá. Wọn a jókòó ti fìtílà, wọn a kọ ìdáhùn wọn, wọn a gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, wọn a sì máa retí máàkì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn àgbà tí ń yínmú lónìí ní A, B, D.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀, kí ó gbọ́ èyí ná. Obìnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan wà, Ada Lovelace, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ tẹ ètò kọ̀ǹpútà jáde sínú ìwé. Kò wọ yunifásítì, nítorí pé nígbà ayé rẹ̀ wọn kì í gba obìnrin sí i. Ilé ni ó ti kàwé. Ní 1840 àti 1841, lẹ́tà ni ó ń kọ sí Augustus De Morgan, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò, lẹ́tà ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì fi ń tọ́ ọ sọ́nà. Ní 1843 ni ètò tí ó kọ jáde. Ẹ̀rọ tí ó kọ ọ́ fún, èyí tí Charles Babbage yà sórí ìwé, wọn kò kàn án parí títí àwọn méjèèjì fi kú. Kà á lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè yé ọ: ó kọ ètò fún kọ̀ǹpútà tí kò sí láyé. Ìwọ tí o ń ráhùn pé ilé-ìwé rẹ kò ní kọ̀ǹpútà, ìwé àti kálàmù ni òun lò.

Mo mọ̀ dájú pé nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà láìsí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kejì 2018, gbogbo ayé rí àwòrán olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Ghana, Richard Appiah Akoto, ní ìlú Sekyedomase ní agbègbè Ashanti. Ó fi ẹfun aláwọ̀ oríṣiríṣi ya ojú-ìwé Microsoft Word sára pátákó, pẹ̀lú gbogbo àpótí àti àmì tí ó wà lára rẹ̀, nítorí pé ilé-ìwé rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ìjọba lórí rẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ilé-iṣẹ́ Microsoft pè é lọ sí Singapore, àwọn aláàánú sì ta ilé-ìwé náà lọ́rẹ kọ̀ǹpútà. Mo bọlá fún olùkọ́ náà. N kò bọlá fún ìjọba kankan tí ó jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ghana, ì báà jẹ́ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá pẹ́, ìwọ náà yóò ha bá a pẹ́ bí? Ọjọ́ orí rẹ kò ní í dúró dè é.

Ohun tí Awólọ́wọ̀ fi owó rà tí ó sì retí lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀fẹ́ ni ó wà fún ọ. Láti 2012 ni Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ti gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí a ń pè ní CS50 sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Malan tí ń kọ́ àwọn ọmọ tí ń san owó gọbọi lọ́hùn-ún, òun kan náà ni yóò kọ́ ọ. freeCodeCamp ti wà láti 2014, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́. Èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ pọ̀. Python, tí Guido van Rossum, ará Nẹ́dálándì, gbé jáde ní 1991, jẹ́ ọ̀kan tí ó rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ó lè wà lórí fóònù kékeré, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé.

Ìwọ yóò ní dátà wọ́n, iná kò sì dúró. Òótọ́ ni, n kò ní í bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọ ní àdúgbò mi tí ń gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sínú fóònù lóru nígbà tí dátà bá dínwó, kí wọ́n lè máa wò ó lọ́sàn-án láìnáwó. Mo mọ òmíràn tí ń kọ ètò rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ní ọ̀sán, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ nígbà tí iná bá dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ agogo méjì òru. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń bèèrè ńkọ́? A kì í bi káfíńtà ní ìwé ẹ̀rí kí a tó jókòó lórí àga rẹ̀. A ó jókòó, bí ó bá dá wa nù, a ó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí rí. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Andela sílẹ̀ ní Èkó ní 2014, ìdánwò ni wọ́n fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbà, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tí ó dá ètò 3MTT sílẹ̀ ní 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó gbé apá púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà sí. Má sì tìtorí èyí sá kúrò ní ilé-ìwé o. Ẹni tí kò mọ ìṣirò, tí kò lè ka gbólóhùn mẹ́ta kí ó yé e, kò sí ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ ṣe fún un.

Ẹ̀sùn àwọn àgbà ku ẹyọ kan, òun ni ó sì ń dùn mí jù: wọn a ní ọmọ Yahoo ni ọ́. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro káàkiri Nàìjíríà tí wọ́n ń ké pé kí a tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń ké lé lórí ni pé wọ́n ń dá ènìyàn dúró, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kìkì nítorí pé kọ̀ǹpútà wà nínú àpò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò sọ ènìyàn di olè, gẹ́gẹ́ bí àdá kò ti sọ àgbẹ̀ di apànìyàn. Ṣùgbọ́n n kò ní í tàn ọ́: àwọn olè náà wà, àárín wa ni wọ́n ń gbé, àwọn òbí kan sì wà tí ń yínmú sí ọmọ tí ń kàwé, tí wọ́n ń pọ́n ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ tí ó ra ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò lẹ́nu láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ní tìrẹ, gbé iṣẹ́ rẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jẹ́ kí ìyá rẹ rí ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ náà, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní èdè tí ó gbọ́. Bí o kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, ohun méjì ni ó lè fà á. Ọ̀kan ni olè jíjà. Èkejì ni mo fẹ́ bá ọ sọ wàyí.

Kí ló dé tí ẹ̀gàn àwọn àgbà fi ń rí ibi dúró sí? Nítorí pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé, jíwèé wò ni ẹ ń ṣe.

O mọ ohun tí jíwèé wò jẹ́ ní ilé-ìwé. Ọmọ a fi ìwé pélébé há abẹ́ aṣọ, a na ọrùn bí ògòǹgò, nítorí pé ó fẹ́ tan olùkọ́, ó sì fẹ́ tan àwọn WAEC. Ìwà ìbàjẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó kéré tán, a mọ ẹni tí ó fẹ́ tàn. Nínú yàrá rẹ, tí kò sí alábòójútó, tí kò sí máàkì, tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú ọ jókòó, ta ni o ń jíwèé wò fún? Mo ti rí ọmọ tí ó wo fídíò ẹ̀kọ́ Python fún wákàtí mẹ́rin láì tẹ lẹ́tà kan. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Gbogbo ohun tí olùkọ́ ń ṣe ń yé e, ó sì rò pé nítorí pé ó yé òun, òun náà lè ṣe é. Apá kì í ro ẹni tí ń wo ẹni tí ń gúnyán. Nígbà tí mo ní kí ó pa fídíò náà, kí ó kọ ìlà márùn-ún péré nínú ohun tí ó ti wò, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Òmíràn ń tẹ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n àdàkọ ni. Ìlà tí ẹlòmíràn kọ ni ó ń dà kọ, títí dé orí àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá 2022 tí ChatGPT ti jáde, àrùn yìí ti burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọmọ kò tilẹ̀ ní láti dà á kọ mọ́. A ní, "Kọ ọ́ fún mi," ẹ̀rọ a sì kọ ọ́ kí ó tó pa ojú dé. N kò bá ẹ̀rọ náà jà. Ọmọ tí ó kọ ìlà tirẹ̀, tí ó kùnà, tí ó wá bi ẹ̀rọ náà pé, "Kí ló dé tí èyí kò ṣiṣẹ́?" ti rí olùkọ́ tí kì í sùn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà a máa fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò sì lè mọ ìgbà tí ó ń tan òun.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa dáwọ́ lé iṣẹ́ kan náà, ètò tí yóò máa ṣírò owó àjọ. O mọ bí àwọn alájọ Ọjà'ba ti ń ṣe. Kí a sọ pé oníṣòwò ń dá 500 náírà lójoojúmọ́: ní òpin oṣù, alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún un. Ẹni tí ó dá a fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìpa ọjọ́ kan jẹ ti dá 15,000 náírà, yóò gba 14,500. Ẹni tí ó dá a fún ọjọ́ 22 ti dá 11,000, yóò gba 10,500. Ìṣirò ọmọ kékeré ni lójú ẹni tí kò gbìyànjú rẹ̀ rí.

Ti ọmọkùnrin náà lẹ́wà. Àwọ̀ wúrà ni ó kùn ún, orúkọ rẹ̀ sì ń tàn yinrin lókè. Mo ní kí ó fi 0 sí iye ọjọ́, bí ẹni pé obìnrin kan ṣàìsàn tí kò dá kọ́bọ̀ ní oṣù náà. Ẹ̀rọ kọ −500. Ẹni tí kò dá ohunkóhun ti jẹ alájọ ní gbèsè 500 náírà! Mo ní kí ó tún un ṣe. Ó wo ètò náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú. Kò mọ ibi tí ìyọkúrò náà wà nínú ohun tí ó pè ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni ó ṣe é. Ẹ̀wù àgbàwọ̀, bí kò fún ni lápá, a fún ni lọ́rùn.

Ti ọmọbìnrin náà kò ní àwọ̀ kankan. Lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ dúdú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi 0 sí i, 0 ni ó kọ. Òun náà ti bá −500 pàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó sì sọ fún mi pé alẹ́ mẹ́ta gbáko ni òun fi wá ìdí rẹ̀. Ìlà tí ó wá fi sí i kò ju báyìí lọ: bí iye ọjọ́ bá ju 0 lọ, yọ owó ọjọ́ kan, bí kò bá jù ú lọ, má yọ ohunkóhun. Aláìmọ̀kan yóò ní kí ni ènìyàn ń fi alẹ́ mẹ́ta ṣe lórí ìlà kan. Alẹ́ mẹ́ta yẹn ni ẹ̀kọ́. Ìyókù, ìwé kíkà ni.

Èlùbọ́ ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Ọjà'ba. Ní oṣù náà gan-an, obìnrin náà ń bá alájọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀: ó ní ọjọ́ 28 ni òun dá, alájọ ní 25 ni. 1,500 náírà ni ó wà láàrin wọn, ìwọ tí o bá mọ èrè tí ó wà lórí kóńgò èlùbọ́ mọ̀ pé kì í ṣe owó ẹ̀rín. Ọmọ náà àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń bá ìyá wọn kọ ọjọ́ tí ó bá dá owó sínú ìwé. Ó kó gbogbo ọjọ́ náà sínú ètò rẹ̀. Ẹ̀rọ gbè sẹ́yìn alájọ! Ọjọ́ mẹ́ta ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti kọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n kọ ọ́, àbúrò náà tún kọ ọ́. Inú bí ìyá, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ olójú-méjì náà kúrò níwájú òun. Ọmọ náà kò bá a jiyàn. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín." Ó sì ka ètò náà fún un ní èdè Yorùbá láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà ìkẹyìn, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, títí ìyá rẹ̀ fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Kò burú, ẹ lọ bá mi pe alájọ kí n bẹ̀ ẹ́."

Njẹ́ ọmọkùnrin aláwọ̀ wúrà nì lè ka tirẹ̀ fún ìyá ẹnikẹ́ni bí?

Èyí kì í ṣe ọ̀nà àjèjì. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tí ó fi ọdún mẹ́ta wo ọ̀gá rẹ̀ láì mú sísọ́ọ̀sì, ta ni yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un? Wo àwọn babaláwo pẹ̀lú, bí ìwọ kò tilẹ̀ ṣe ẹ̀sìn wọn. Oríṣi àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn kò ju méjì lọ, ẹyọ kan tàbí méjì. Mẹ́jọ ni wọ́n ń tẹ̀ fún odù kan, gbogbo odù sì jẹ́ 256. Nínú kọ̀ǹpútà, oríṣi àmì méjì náà ni ó wà, 0 àti 1. Bí a bá to mẹ́jọ pọ̀, ọ̀nà 256 ni a lè gbà tò ó. N kò sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí rẹ̀ kọ lẹ́tà sí mi. Mo ń sọ pé àwọn tí ń pe ìṣirò yìí ní idán òyìnbó kò yẹ ilé ara wọn wò. Mo sì ń sọ pé ọmọ awo kì í fi gbígbọ́ nìkan di awo. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ kì í níwájú ọ̀gá rẹ̀, kí ó ṣì í, kí wọ́n bá a wí, kí ó tún un kì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí o ṣe ti fídíò náà. Wo ìwọ̀nba tí o lè rántí, pa á, kí o kọ ọ́ láìwo ibì kan. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ọ́, má bínú sí i. Python a máa sọ ìlà tí àṣìṣe ti yọjú fún ọ, ohun tí tíṣà mìíràn kò ní sùúrù láti ṣe. Ka ohun tí ó sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í kà á. Wọn a rí lẹ́tà pupa, wọn a sì sá bí ẹni rí ejò. Kí o sì wá ẹnì kejì tí ẹ ó jọ máa kọ́ ọ, nítorí pé ohun tí ó ṣòro jù nínú ẹ̀kọ́ ilé kì í ṣe iná tàbí dátà bí kò ṣe ìdánìkanwà. Ibi tí ìwọ ti dákú, ẹnì kejì rẹ lè jí ọ níbẹ̀.

N kò lè dákẹ́ láìbá àwọn ọlọ́jà kan wí, àwọn tí ń lẹ ìwé mọ́ ògiri àti òpó iná pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ọmọ yóò di ọ̀gá kóódìǹgì, yóò sì máa gba dọ́là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Wọn kì í fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ ènìyàn ní irun dídì ní Bẹẹrẹ. Peter Norvig, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan láti fi tako irú àwọn ìwé tí ń ṣèlérí báyìí. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi sí àkọlé rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó orí ìtẹ́lẹ̀ tí òbí rẹ ń kó pamọ́ ni wọ́n ń wá, ìwé tí wọn yóò sì fún ọ kò lè yọ −500 kúrò nínú àjọ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, mú ìwé àti kálàmù rẹ wàyí. Obìnrin kan wà ní Ọjà'ba tí ọjà rẹ̀ kì í tà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tí ó bá tà, ó lè dá 1,500 náírà lẹ́ẹ̀kan, kí ó ní kí alájọ kọ ọ́ sí ọjọ́ kan tí ó ti kọjá, òní, àti ọ̀la. Nígbà tí oṣù pé ogún ọjọ́, ó ní kí wọ́n kó owó òun fún òun nítorí owó ilé-ìwé ọmọ, ṣùgbọ́n òun yóò máa dá a lọ títí oṣù yóò fi parí. Ìgbà wo ni alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni? Kọ ọ́ ní ìlà-ìlà ní èdè Yorùbá kí o tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Bí o bá ti kọ ọ́ tán, gbé e fún ọmọ tí ó jókòó tì ọ́, kí ó wá ibi tí yóò ti kùnà.